Bí mo ṣe mọ irú ẹ̀fọ́rí tó ń bá mi jà

Kí ẹ tó ra oògùn ẹ̀fọ́rí lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín gan-an. Ohun tí mo ṣe níhìn-ín ní Òṣogbo nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀fọ́rí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ní.

Aṣọ ni mo ń rán ní Òkè-Fíà. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ankárá ẹgbẹ́ á kún orí tábìlì mi, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wò mí títí, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, níbo ló ti ń dùn ọ́? Fọwọ́ kàn án kí n rí i.” Mo gbé ọwọ́ lé ìpàkọ́. Ó ní kí n ra ìwé kékeré, kí n máa kọ ibi tó ń dùn, bó ṣe ń dùn, aago tó bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe sùn, ohun tí mo jẹ àti oògùn tí mo lò. Mo ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.” Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà máa ń ti ẹ̀yìn ọrùn bẹ̀rẹ̀, á gba ìpàkọ́ gòkè, á wá fún orí mi yíká bí ìgbà tí wọ́n we gèlè tó le jù. Ọ̀tún dùn, òsì dùn, ṣùgbọ́n èébì kì í gbé mi, mo ṣì lè ṣiṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń dé, lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀ sórí máṣíìnì láti àárọ̀. Iṣan ọrùn àti èjìká tó le ló ń fà á. Mo gbé àga mi ga, mo ń dìde nà bí mo bá ti parí aṣọ kan, mo sì ń fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná sí èjìká. Ó ti dín kù gan-an.

Èkejì ni túúlu. Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan rèé: “Ẹ̀bátí òsì, dé ẹ̀yìn ojú. Ó ń lù kìkìkì. Mo pa iná, mo dùbúlẹ̀. Òórùn àkàrà aládùúgbò fẹ́ mú mi bì.” Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 títí dé ọjọ́ 3. Ìmọ́lẹ̀ àti ariwo ń dá kún un, bí èèyàn bá sì rìn, ó ń le sí i. Àwọn mìíràn máa ń rí iná tó ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kó tó dé. Nínú ìwé mi, ó máa ń sún mọ́ ìgbà nǹkan oṣù, tàbí ọjọ́ tí n kò sùn dáadáa tí n kò sì jẹun àárọ̀. Ó tún lè mú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ibi tó ń dùn nìkan kò fi tó láti fi dá a mọ̀.

Èyí tó ń dùn níwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń le sí i béèyàn bá tẹ̀ba, tí imú dí tí ikun sì nípọn, inú ihò egungun ojú ló ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa ń pe túúlu ní irú èyí lásìkò ọyẹ́, torí túúlu náà lè mú kí imú máa ṣomi. Òmíràn wà tó ń gún ẹ̀yìn ojú kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 3, ojú á pọ́n, á máa ṣomi, ẹni náà kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí gbogbo orí bá ń fọ́ tí ara sì gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ìpàkọ́ ń dùn yín sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i ni orí kì í fọ́ rárá. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ká mi lára jù ni parasítámọ̀ táwọn èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lò ó ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù kan, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù 3 lọ, oògùn náà gan-an lè máa fa ẹ̀fọ́rí fún un. Mo ti rí i lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Mo gbé ìwé mi lọ bá dókítà. Ó kà á, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó fún mi ní oògùn tí mo máa lò ní kété tí túúlu bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ iye ọjọ́ tí n kò gbọ́dọ̀ kọjá lóṣù.

Àmọ́ àwọn kan wà tí a kì í dúró kọ sínú ìwé: ẹ̀fọ́rí tó dé lójijì tó le ju gbogbo èyí téèyàn ti ní rí, èyí tó bá ibà àti ọrùn gígan wá, èyí tó mú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tó mú ẹnu wọ́ tàbí ọ̀rọ̀ lọ́, èyí tó tẹ̀lé ìṣubú tàbí jàǹbá ọkọ̀, èyí tó bá aláboyún tí ojú rẹ̀ ń ṣe báìbàì. Ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.