Bí Mo Ṣe Wọn Mẹ́kúrì Inú Omi Odò

Ohun tó le jù nínú wíwọn mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, inú omi odò ni kí mẹ́kúrì ibòmíì má bá a wọnú ìgò. Máíkírógíráàmù 6 nínú lítà kan ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi ṣe ààlà fún omi mímu. Nánógíráàmù lèmi ń wá; ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú máíkírógíráàmù kan ṣoṣo.

Ìlànà 1631 ti EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni mo tẹ̀ lé. Ìgò ni mo fi pọn omi, torí èéfín mẹ́kúrì máa ń gba ara ike polyethylene wọlé. Àwa méjì la lọ: ẹnì kan ń mú ìgò, ẹnì kejì ń ṣí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìgò rárá. Ó jọ àṣejù, àbí? Eruku ara aṣọ lásán tó ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní láàbù, mo da bromine monochloride, oògùn tó ń tú mẹ́kúrì kúrò lára ohun tó so mọ́, sí i, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi náà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Bí àwọ̀ yẹn bá ṣá, ìdọ̀tí inú omi ti jẹ oògùn náà tán nìyẹn, n óò tún bù sí i. Omi tó gba àbàtà kọjá jẹ ẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà, oògùn mìíràn, hydroxylamine, ni mo fi pa àwọ̀ náà rẹ́, nítorí ìyókù bromine monochloride máa ń ba góòlù tí mẹ́kúrì máa lẹ̀ mọ́ níwájú jẹ́.

Tin chloride wá sọ mẹ́kúrì di èéfín, afẹ́fẹ́ náítírójìn gbé e lọ sórí iyanrìn tí wọ́n fi góòlù bò, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí góòlù gbóná tó nǹkan bí 450°C, ó tú u sílẹ̀, afẹ́fẹ́ argon sì gbé e lọ síwájú iná tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 253.7 nm (nánómítà). Mẹ́kúrì gba ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì tan irú rẹ̀ gan-an padà. Ìdí nìyí tí ojú ẹ̀rọ fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: bó bá kọjú sí iná, ìmọ́lẹ̀ iná á bo ti mẹ́kúrì mọ́lẹ̀. Argon la lò níbẹ̀, torí náítírójìn máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kú.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń wọn ọ́n bó ṣe yẹ, mo bu mẹ́kúrì tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú díẹ̀ lára omi odò. Ìdá 71 sí 125 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlànà gbà kó padà wá, tèmi sì bọ́ sáàárín. Mo tún gbé ìgò omi mímọ́ gaara kan lọ sódò, mo ṣí i, mo dé e. Nígbà tí omi inú rẹ̀ àti omi mímọ́ tí kò kúrò ní láàbù kò yàtọ̀ lójú ẹ̀rọ ni mo tó kọ iye tí mo rí sílẹ̀.