Inú tó ń jó yín lóru: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó wá bi mí ní famasí

Tàǹtí, níbo gan-an ló ń dùn mí yìí?
Òkè ìdodo, lábẹ́ igbá àyà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 25, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń bọ́ sí tó bá kúrò nínú àpòlúkù. Tó bá wú, dókítà á kọ "duodénite" síwèé fún yín.

Ṣé ata ló fà á?
Rárá. Ata kàn lè jẹ́ kó ta yín sí i ni.

Kí ló wá fà á?
Ẹ wo inú báàgì yín. Ibuprofène, diclofénac, aspirine, àwọn oògùn ìrora tẹ́ ẹ̀ ń rà lórí àtẹ ní ọjà Wàndó, tẹ́ ẹ̀ ń gbé mì láìjẹun torí orúnkún tó ń dùn yín. Ẹ dá a dúró, ẹ fi ọtí sodabí àti sìgá sílẹ̀. (Aspirine tí dókítà fún yín torí ọkàn, ẹ má fúnra yín dá a dúró o.)

Mo ti fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ó ṣì ń jó mi.
A jẹ́ pé ẹ lọ yẹ Helicobacter pylori wò, kòkòrò tó ń gbé nínú àpòlúkù. Èmi náà bá a jà. Aago méjì òru ni mo máa ń jí, màá jókòó sórí àpótí ní kíṣìnì, màá mu ẹ̀kọ tútù, ó máa rọlẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ ó tún dé. Mo lo oméprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù, ó lọ, mo dá a dúró, ó padà, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo gbé ìgbẹ́ lọ sí lábò, wọ́n ní kò sí kòkòrò, mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ̀rora fún oṣù mẹ́ta gbáko. Àfìgbà tí dókítà kan bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ lo oméprazole kẹ́yìn?" Mo ní àárọ̀ yìí náà ni. Ó gbé bíìkì sílẹ̀. Oméprazole máa ń jẹ́ kí kòkòrò yẹn dín kù débi tí àyẹ̀wò ò ní rí i, ó yẹ kẹ́ ẹ ti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, àńtíbáyótíìkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní lábò, ó sì dùn mí gan-an! Mo fara da ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo padà lọ, òun rèé. Oméprazole pẹ̀lú àńtíbáyótíìkì méjì, amoxicilline àti clarithromycine, ọjọ́ 14 gbáko, ẹnu mi korò bí ẹni tó ń lá owó ẹyọ, mo lò ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá a dúró lọ́jọ́ karùn-ún torí ara ti yá, ẹ jọ̀ọ́, kòkòrò yẹn ò tíì kú. Lẹ́yìn bí oṣù kan tẹ́ ẹ lò ó tán, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe.

Ìgbẹ́ mi dúdú ńkọ́?
Tó bá dúdú bí ọ̀dà tó sì ń lẹ̀, tàbí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi rárá. Kí ẹnì kan gbé yín lọ sí ọpitálì lójú ẹsẹ̀, wọ́n á ṣe fibroscopie fún yín níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun wo inú yín. Òótọ́ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ náà máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú, àmọ́ dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.