Mọ́nítọ̀ kejì kọ̀, kò tàn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ádápítọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé, ìwé owó àwọn oníṣòwò ni mo máa ń bá wọn ṣe látilé, Excel ló ń wà lójú mi látàárọ̀ dalẹ́, mo wá ní kí n so mọ́nítọ̀ méjì mọ́ laptop mi. HDMI kan ló wà lára ẹ̀, ìyẹn ò ní wàhálà. Torí èkejì ni mo ṣe lọ ra ádápítọ̀ USB-C sí HDMI ní Banex, ó wọ ihò ẹ̀ wẹ́kú, àmọ́ “No signal” ni mọ́nítọ̀ ń kọ ṣáá, tó bá ṣe díẹ̀ á sùn lọ. Ẹni tó tà á tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú mi lórí laptop tiẹ̀ o, ó sì ṣiṣẹ́. Àbí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ, ó jọ pé ọwọ́ laptop ẹ lọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ihò USB-C ló jọra lójú, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Òmíràn ń gbé àwòrán jáde, òmíràn ò mọ̀ ju pé kó gba ṣájì kó sì gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀. Ádápítọ̀ tó o rà yẹn ò lè dá àwòrán ṣe, èyí tí laptop bá rán sí i ló máa yí sí HDMI, tí laptop ò bá wá rán nǹkan kan gba ibẹ̀, kí ló fẹ́ yí? Agbára àtirán àwòrán gba ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní DisplayPort Alt Mode. Fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà, tó o bá rí lẹ́tà D tí P wà nínú ẹ̀, tàbí mànàmáná tó ní ẹnu ọfà nísàlẹ̀, ìyẹn Thunderbolt, ó ní in nìyẹn. Tí o ò bá rí àmì, má tíì sọ̀rètí nù, àwọn kan kì í fi àmì sí i, nọ́ńbà módẹ́lì tó wà nídìí laptop ni kó o tẹ̀ sí Google kó o ka ohun tí àwọn tó ṣe é kọ nípa USB-C ẹ̀. Ṣáájú gbogbo ìyẹn ṣá, tẹ Windows àti P pọ̀ kó o mú “Extend”, torí àwọn èèyàn máa ń dá ádápítọ̀ tó dáa padà sọ́jà nígbà tó jẹ́ “PC screen only” ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ti wò ó, wọ́n kọ ọ́ gbangba pé dátà àti ṣájì nìkan ni. Ṣé laptop míì ló kàn báyìí? Ọ̀gá kan ládùúgbò ní kí n kàn ra splitter HDMI, pé kò wọ́n.

Ìdáhùn: Fi splitter sílẹ̀ jàre, àwòrán kan náà ló máa gbé sójú méjèèjì, ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ìwàásù sórí tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin nìyẹn. Laptop míì náà ò kàn. Ádápítọ̀ tó ní DisplayLink ni kó o wá. Tìyẹn ní ṣíìpù tiẹ̀ nínú, software tó o máa fi sórí laptop á rún àwòrán pọ̀, á rán an gba USB bíi fáìlì lásán, ṣíìpù yẹn á wá tú u sílẹ̀ fún mọ́nítọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lára USB pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ pàápàá. Iléeṣẹ́ Synaptics ló ni DisplayLink láti 2020, orí website wọn ni kó o ti dánlóòdù dírafà, ìyẹn software tí mo wí yẹn, má gbà á látinú flash ẹnikẹ́ni. Ihò USB 3 ni kó o fi sí, inú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, 5 Gbps lèyí ń gbé, USB 2 ò kọjá 480 Mbps, tó o bá lọ fi sí USB 2, mọ́ọ̀sì á máa wọ́ lójú ẹ. Tó o bá dé ọjà, tí oníṣọ́ọ̀bù bá ní “HDMI ni, kò sí ìyàtọ̀”, ṣáà máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyọnu tiẹ̀ ni pé laptop ẹ náà ló ń ṣe iṣẹ́ rírún yẹn, èyí tí ò lágbára á gbóná, fíìmù á máa já, Netflix tiẹ̀ lè dúdú kirimu torí ààbò tó wà lórí fíìmù wọn. Ìyẹn ò kan Excel tìẹ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ mi, Kaduna ni mo ti ń kọ̀wé. MacBook Air M1 ni tèmi, ọmọ mi ra hub, àpótí kékeré tí wọ́n ń so mọ́ USB-C kí ihò lè pọ̀ sí i, oníhò HDMI méjì fún mi, ohun kan náà ló ń gbé sórí mọ́nítọ̀ méjèèjì, mo ti yí sẹ́tín-ìnsì títí ó ti sú mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má yí sẹ́tín-ìnsì mọ́. MacBook Air tó ní ṣíìpù M1 àti M2 ò gbà ju mọ́nítọ̀ kan níta, M3 ń gbé méjì tẹ́ ẹ bá pa á dé, ìgbà tó di M4 ló tó gbé méjì pẹ̀lú ìdérí ní ṣíṣí. Bí hub yẹn ṣe ń pín àwòrán sí méjì, MST ni wọ́n ń pè é, Windows mọ̀ ọ́n, Mac ò gbà á. DisplayLink náà ni ọ̀nà àbáyọ, àmọ́ ẹ lọ sí Privacy nínú sẹ́tín-ìnsì kẹ́ ẹ fún un láyè ní Screen Recording, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gbé nǹkan kan wá. Kì í ṣe pé ó ń ká yín sílẹ̀ o, bó ṣe ń rí àwòrán tó máa rán nìyẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ará Kubwa ni. DisplayLink ti tàn o, hub tó ní i nínú ni mo rà! Àmọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, mọ́nítọ̀ yẹn á kú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó padà, gbogbo window mi á sì ti ṣí lọ sójú kan, bẹ́ẹ̀ mọ́nítọ̀ wà lórí íńfátà.

Ìdáhùn: Ṣájà ńkọ́? Ó dá mi lójú pé inú hub yẹn lo fi ṣájà laptop sí, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ṣájà wà ò sì sí lórí íńfátà. Tí iná bá lọ, hub á tún àdéhùn iná ṣe pẹ̀lú laptop, á pa gbogbo nǹkan tó wà lára ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Gbé ṣájà kúrò lára hub, tí laptop ẹ bá ní ihò ṣájà mìíràn, tàbí kó o gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí íńfátà ń gbé. Má sì gbé hub sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú ooru oṣù kẹta yìí, ara ẹ̀ máa ń gbóná gan-an. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ìyẹn, kébù HDMI ni kó o kọ́kọ́ pààrọ̀, mú èyí tí ò gùn.