Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Lórí Fóònù, Ẹ Yé Ṣe Báyìí

Ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìlọrin kò lè sá fún fóònù mọ́. Bí Yunifásítì Ìlọrin bá rán wọn lọ gbé láàárín ará ìlú lábẹ́ ètò COBES, olùkọ́ lè wà níhìn-ín kí akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́hùn-ún, kó jẹ́ WhatsApp tàbí Google Classroom ló máa so wọ́n pọ̀. Àmọ́ kí ni olùkọ́ ń fi ránṣẹ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ju “Ó dára, tẹra mọ́ ọn” lọ.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìtàn aláìsàn ránṣẹ́: ọmọ ilé-ìwé girama, inú ń run ún láti àná, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn. Olùkọ́ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ìtàn yìí kò kún tó.” Kí ni kí ọmọ ọlọ́mọ fi èyí ṣe? Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ yóò sọ pé: “O kò béèrè ibi tí ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdodo ló ti kọ́kọ́ ń dùn ún kó tó sún sí ọ̀tún, ó yẹ kí appendicitis (àìsàn tí ẹ̀ka kékeré kan lára ìfun fi máa ń wú) wá sí ọ lọ́kàn. Padà lọ bi í. Béèrè pẹ̀lú bóyá oúnjẹ ṣì ń wù ú jẹ.” Ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti mọ ohun tó kàn.

Ẹ má jẹ́ kí máàkì ṣáájú ọ̀rọ̀. Ní 1988, Ruth Butler tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ísírẹ́lì. Àwọn tó gba ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà nìkan tẹ̀ síwájú. Àwọn tó gba máàkì pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kò jèrè tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n o, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n ta ni kì í kọ́kọ́ wo máàkì? Lórí Google Classroom, akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí máàkì àfi bí olùkọ́ bá dá iṣẹ́ padà fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ ná, kó tún iṣẹ́ ṣe, kí máàkì tó tẹ̀ lé e.

Ti ká máa na ọmọ lẹ́gba ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp ńkọ́? Ìtìjú ni yóò rántí, kò ní rántí ẹ̀kọ́, kò sì ní béèrè ohun tí kò yé e mọ́. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni fọ́tò aláìsàn tàbí káàdì rẹ̀ tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń jù síbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀.

Ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára, bí kò bá gùn bí ìwàásù. Ta ni yóò máa wá gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nígbà tó dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ìdáhùn tó dé lẹ́yìn tí aláìsàn ti relé, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti kúrò ní wọ́ọ̀dù náà. Bí ọwọ́ yín bá kún, ẹ gba iṣẹ́ méjì péré lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kà á kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má gba ogún tí ẹ kò ní ṣí wò.