Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ factoring nínú Algebra 2

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé nílé bíi tèmi, ẹ gbọ́ o. Houston la wà, mọ́mì mi ló ń kọ́ mi, àmọ́ tó bá ti di factoring nínú Algebra 2 (ìyẹn kéèyàn pín ìṣirò bíi 6x² + 11x − 10 sí apá méjì tá a máa sọ di púpọ̀) àwọn náà á ní kí n lọ wò ó nínú ìwé, ìwé yẹn sì kàn ní kéèyàn máa méfò ni, ta ló fẹ́ máa méfò lórí 6x² + 11x − 10 látàárọ̀ dalẹ́?

Ohun tó yanjú ẹ̀ rèé: b² − 4ac ni mo kọ́kọ́ ń ṣe (a ni nọ́ńbà tó wà níwájú x², b ni ti iwájú x, c ni èyí tó dá wà). Tibí jẹ́ 121 + 240, ìyẹn 361, 19 lọ́nà 19 sì nìyẹn, torí náà ó máa pín. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, quadratic formula tààrà jàre. Mo wá sọ 6 àti −10 di púpọ̀, ó di −60, nọ́ńbà méjì wo ló máa di −60 tá a bá sọ wọ́n di púpọ̀, tó tún máa di 11 tá a bá rò wọ́n pọ̀? 15 àti −4. Mo wá pín 11x sí 15x − 4x, ó wá di 3x(2x + 5) − 2(2x + 5), ìdáhùn (3x − 2)(2x + 5). Ẹ ṣọ́ àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2 yẹn o, oníwàhálà ni.

Desmos, ìkànnì tó ń ya graph, ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni, graph ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orí ìlà x kọjá ní 2/3 àti −5/2.