Bí mo ṣe tún ilẹ̀ ṣe fún ilé alágbèéká, àti ibi tí owó gbà lọ

Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹni tó ń ta ilé alágbèéká, ìyẹn ilé tí wọ́n kọ́ ní ilé iṣẹ́ tí tírélà máa wọ́ wá, á sọ fún ọ pé owó ilé ti kó gbígbé wá àti gbígbé kalẹ̀ mọ́ra. Kò purọ́. Ohun tí kò sọ ni pé orí ilẹ̀ tó ti ṣe tán làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa gbé e kalẹ̀ sí, ìwọ lo sì máa sanwó kí ilẹ̀ náà tó ṣe tán. Gígé igi, kíkó yẹ̀pẹ̀, ọ̀nà tí tírélà máa gbà wọlé, táǹkì ìgbẹ́, omi, iná: kò sí ọ̀kankan nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Èyí tó dùn mí jù ni yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ilé, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ falẹ̀. Kó o tó ra ohunkóhun, lọ sí ọ́fíìsì káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, béèrè bóyá òfin gba ilé alágbèéká lórí ilẹ̀ náà, bóyá ó bọ́ sí ibi tí omi máa ń ya bò nínú àwòrán FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, kí wọ́n sì yẹ ilẹ̀ wò bóyá ó ń fa omi mu. Ilẹ̀ tí kò bá fa omi mu kò ní gba sọ́ọ̀kàwéè lásán, ètò tó wọ́n jù ú lọ ni wọ́n máa ní kó o ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó ti irin bọlẹ̀, pe 811, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fi ọ̀dà sàmì síbi tí páìpù àti wáyà gbà: pupa fún iná, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi mímu, àwọ̀ ewé fún omi ìdọ̀tí. Àmọ́ páìpù tìrẹ tó ti kọjá mítà kì í sábà sí lára ohun tí wọ́n ń sàmì sí.

Ọ̀nà ìwọlé náà ní ìṣirò tiẹ̀. Ilé tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 76, kò lè ṣẹ́ kọ́nà bíi mọ́tò. Ní kí ẹni tó máa wọ́ ilé wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà, kó wo ẹ̀ka igi àti wáyà tó wà lókè. Ọ̀nà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, tó fẹ̀ tó 12, tí òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ nípọn ní íǹṣì 6, máa gbà tó 60 tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ kí ẹni tó ń ta òkúta tó bá ọ ṣe é.

Ìgbà tó kan ojú ilẹ̀ tí ilé máa jókòó lé gan-an ni wàhálà dé. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì nílò yẹ̀pẹ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Agbaṣẹ́ṣe tí mo gbà ní kí tipa da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gun kátapílà, ó rìn ín lọ rìn ín bọ̀, ó sì ha á dọ́gba. Lójú, ó tẹ́ bí ẹní. Alábẹ̀wò dé, ó yọ irin kékeré kan tí kò ju báírò lọ, ó tì í bọlẹ̀ láti mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó. Ní apá òkè, irin náà kò fẹ́ wọlé. Ní ìsàlẹ̀, ó rì. Wọ́n fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ibẹ̀, ohun tó sì jáde ni ilẹ̀ dúdú, gbòǹgbò, àti koríko tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ yẹ̀pẹ̀.

Iṣẹ́ dúró pátápátá. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ kedere: orí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, tàbí orí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kó ki dé ó kéré tán 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n kíkì rẹ̀ tó ga jù lọ, ni ẹsẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo ohun tó lè jẹrà, koríko, gbòǹgbò, àjákù igi, gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ ilé. Agbaṣẹ́ṣe ń jiyàn pé kátapílà òun wúwo. Wíwúwo rẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ kátapílà fẹ̀, ó ń pín ìwúwo náà káàkiri kí ẹ̀rọ náà má bàa rì. Ó ń ha ilẹ̀, kò tẹ inú rẹ̀. Inú máa wà ní fúlẹ́fúlẹ́, tí òjò bá sì rọ̀ wọ̀ ọ́, á jókòó, igun ilé á sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní pàdé mọ́. Ní gbogbo àsìkò tá à ń jiyàn yìí, ẹni tó ta ilé ń gba owó ibi tí ilé dúró sí lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

A kó gbogbo rẹ̀ kúrò, a ha ilẹ̀ dúdú títí a fi kan ilẹ̀ pupa tó le. Lẹ́yìn náà la wá ń dà á ní ìpele-ìpele, íǹṣì 6 sí 8 lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ alámọ̀ ni tèmi, nítorí náà rólà tó ní ìka lára la lò. Èyí tó ń gbọ̀n tí ara rẹ̀ ń dán dára fún iyanrìn àti òkúta. Omi inú yẹ̀pẹ̀ ló ń pinnu gbogbo ẹ̀. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un. Tó bá di ìṣù, tí o jù ú sílẹ̀ tó sì là sí méjì tàbí mẹ́ta, ó ti tó. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó gbẹ jù, wọ́n omi sí i. Tó bá mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ tutù, ó ti mumi jù, kò sí rólà tó lè ràn án lọ́wọ́. Ṣe ni kó o dúró kí oòrùn là. Yẹ̀pẹ̀ tún máa ń sún kì tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, torí náà fi ìdámárùn-ún, ó kéré tán, kún èyí tó o bá ṣírò.

Lórí ìpele kọ̀ọ̀kan ni a pe àwọn tó ń wọn kíkì ilẹ̀, kò sì sí ìpele tí kò yege. Inú mi dùn sí ilẹ̀ yẹn títí dòní. A jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ ní ààbọ̀ íǹṣì fún ẹsẹ̀ bàtà kan láti ara ilé títí dé ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn íǹṣì 5 lápapọ̀. Bí òjò ṣe ń dé lára rẹ̀ ló ń ṣàn lọ.

Ìyókù rọrùn. Ìsàlẹ̀ kọ́ńkéré ẹsẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ jìn kọjá ibi tí òtútù máa ń mú kí ilẹ̀ dì dé ládùúgbò rẹ. Ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ilé nípọn ní 6 mil (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì), kí ojúpọ̀ rẹ̀ gun ara wọn ní íǹṣì 12, kó o sì lẹ ibi tó bá ya.

Bó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni mo ń bẹ̀rẹ̀, màá gé apá òkè ju kí n kún ìsàlẹ̀ lọ, torí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú kò nílò rólà. Gọ́tà tó máa gba omi òkè kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló máa fẹ́. Tí o bá sì gbọ́dọ̀ kún un, kọ ọ́ sínú àdéhùn: bí ìpele ṣe máa nípọn tó, ìdá tó gbọ́dọ̀ ki dé, ẹni tó máa sanwó ìdánwò. Di owó tó gbẹ̀yìn mú títí ìwé èsì fi máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n bá ha, má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó o lọ. Dà á jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ìdagẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 yẹn máa nílò rẹ̀ kí koríko tó lè hù níbẹ̀.