Abọ́ amọ̀ tí mo mọ l'Òkélélé

Nílé wa n'Ílọrin, oúnjẹ mẹ́ta lè wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo: èmi á ro àmàlà, màá se gbẹ̀gìrì tì í, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ Núpé á ro tùwó ìrẹsì, ìyá ọkọ mi tó jẹ́ Fúlàní ò ní jẹ ìkankan, fúrá ni wọ́n máa mu. Abọ́ ike ti sú mi, mo fẹ́ mọ abọ́ amọ̀ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, mo bá gba Òkélélé lọ, l'ágbo ilé Dada, níbi táwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé.

Ẹ má ronú ẹ̀rọ tó ń yí bírí tí ẹ ń rí lórí YouTube o, kò sí ńkan tó jọ ọ́. Àlájà tó kọ́ mi da ojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, wọ́n ku eérú sí ìdí ẹ̀ kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá tẹ́ amọ̀ lé e, wọ́n ń gbá a díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bò ó, ìgbà tó le díẹ̀ wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n yí bí okùn mọ ẹnu ẹ̀. Tèmi àkọ́kọ́ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi fìlà ọ̀mùtí.

Ti àmàlà, mo jẹ́ kó jìn kí ọbẹ̀ má dànù. Ti tùwó, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ti fúrá ló dà mí láàmú, torí ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ìpọnmu lè yí nínú ẹ̀.

Àlájà ní kí n jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji, èmi onísùúrù kékeré gbé méjì sóòrùn, méjèèjì sán. Àwọn tó kù la tò sórí igi, a fi igi àti koríko bò ó, a tiná bọ̀ ọ́ nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀. Kò pẹ́, gbàù! Ọ̀kan fọ́. Omi ṣì wà lára ẹ̀, ooru ló wá ọ̀nà jáde. Ìyókù pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fi igi gígùn gbé e, wọ́n wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè sí i lára, ó hó ṣàà, ó dúdú, ó ń dán.

Mo délé, mo bu fúrá sínú abọ́ tiẹ̀, kí n tó mọ̀, ó ti la òógùn sórí aṣọ tábìlì! Mo pe Àlájà, wọ́n rẹ́rìn-ín, "Ṣé o ti se ògì nínú ẹ̀ ni?" Mo se ògì, mo jẹ́ kó tutù síbẹ̀ mọ́jú, jíjò náà dín kù gan-an. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, amọ̀ ń mu ọṣẹ, ẹ ó sì máa jẹ ẹ́ padà nínú ọbẹ̀. Omi gbígbóná àti kànìnkànìn ti tó, kẹ́ ẹ wá sá a.

Àmàlà kì í tètè tutù nínú tèmi. Ìyá ọkọ mi ní igbá làwọn mọ̀ fún fúrá, abọ́ yẹn dáa fún kúlíkúlí.